Kùíìsì lórí àwọn Sámúẹ́lì tó lókìkí: ẹ bá wa dá sí i

ỌmọGbàgede
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Kùíìsì ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń bọ̀, ẹgbẹ́ mẹ́rin ni yóò dojú kọ ara wọn, orí orúkọ kan ṣoṣo sì ni gbogbo ìbéèrè dá lé: Sámúẹ́lì. Ogójì ìbéèrè la fẹ́. Ọkùnrin tó bá ti lókìkí, tó sì ń jẹ́ Sámúẹ́lì, a lè mú un, ìbáà jẹ́ ará ilé tàbí ará òkè òkun. Àwọn wo ni kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀? Báwo la ṣe máa kọ ìbéèrè tí ẹgbẹ́ tó bá pàdánù kò fi ní bá adájọ́ fa ọ̀rọ̀?

Akọ̀wéỌ̀yọ́
Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dí. Ẹ má ṣe béèrè "Ta ni Samuel Johnson?" láéláé. Samuel Johnson méjì ló wà, ìwé kíkọ ló sì sọ àwọn méjèèjì di olókìkí. Èyí tó ṣáájú jẹ́ ọmọ Lichfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bí i ní 1709, ó kú ní 1784. Òun ló ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1755. Èkejì ni tiwa. Hastings ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, ó ṣe àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn ológun kí ogun Kírìjì tó rí ojútùú.

Kí ìbéèrè tó kúrò lórí bébà yín, ẹ rí i pé ó kéré tán nǹkan méjì wà nínú rẹ̀ tí kò lè bá ẹlòmíràn mu: ọdún àti ibi, tàbí ibi àti iṣẹ́. "Òǹkọ̀wé" nìkan kò tó. "Àlùfáà Ọ̀yọ́ tó kọ ìtàn Yorùbá" ti tó.

Ọ̀fìn kejì lórí tiwa yìí ni "Ọdún wo ló tẹ ìwé rẹ̀ jáde?" Kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan nílùú Òyìnbó ní 1899, ibẹ̀ ni ìwé náà sì gbà sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ tó fi tún un kọ, 1921 ló sì tó jáde. Ogún ọdún gbáko lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́! Ohun tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn gbé relé nìyí, pé díẹ̀ báyìí ló kù kí ìwé ìtàn wa ṣègbé. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n pé: "Ta ló tún ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ kó jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀?" Máàkì mẹ́ta ló tọ́ sí i.

ÌyáẸgbẹ́
Akọ̀wéỌ̀yọ́, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n gbé ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀, òun náà sì ni wọ́n máa ń ṣì jù.

Ọdún ìbí rẹ̀: nǹkan bí 1809, ní Òṣoògùn. "Nǹkan bí" ni, ẹ má fi ṣe ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan pàtó. Àwọn ọdún tó dúró gbọin ni kí ẹ lò. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba àwọn ẹrú inú ọkọ̀ Potogí tó gbé e sílẹ̀, tí wọ́n fi dé Freetown. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. 1843 ni wọ́n fi jẹ àlùfáà ní London. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864 ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú ní Èkó.

Orúkọ rẹ̀ náà ní ọ̀fìn. Àjàyí ni orúkọ tó bá wáyé. Samuel Crowther jẹ́ orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣọ́ ìjọ ní London, tí wọ́n fi sọ ọmọ wa nígbà ìrìbọmi. Nítorí náà, Samuel Crowther méjì ló wà, bíi ti Johnson. Ẹ máa fi "Àjàyí" sí i nínú ìbéèrè.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù lórí rẹ̀ nìyí: ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Afala, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún màmá yìí ní 1848, orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́? Hánà ni. Ẹni tó bá mọ Bíbélì yóò rí i kíá, nítorí Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ ìtàn yìí rí lè fi ọpọlọ dé ibẹ̀, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló dùn.

Adájọ́Àgbà
Ẹ má gbàgbé, Ìyá wa: ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ "bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà". Augustine ti Hippo ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ Áfíríkà láti ayé àwọn ará Róòmù, Henrique, ọmọ ọba Kongo, náà sì ti di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà ní nǹkan bí 1518. "Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà" ni kí ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ fi kún un yẹn ló máa gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó bá dìde pé òun kò gbà.

Bákan náà ni "Ta ló túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá?" Kì í ṣe òun nìkan. Thomas King wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, odindi Bíbélì kò sì parí títí di 1884. Ẹ béèrè ọdún tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, 1843, ìyẹn kò ní wàhálà.

OlùkọniOrin
Ẹ fi ìbejì mìíràn kún un, ó le ju ti Johnson lọ. Samuel Taylor Coleridge jẹ́ akéwì Gẹ̀ẹ́sì, 1772 sí 1834. Samuel Coleridge-Taylor jẹ́ olórin tí wọ́n bí ní London ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1875, bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Sàró, ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ akéwì yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Orin rẹ̀ lórí Hiawatha tó kọ́kọ́ jáde ní 1898 ló sọ ọ́ di olókìkí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Òtútù àyà ló pa á ní Croydon ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1912, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ akọrin ìjọ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Níbi kíkà, olùbéèrè gbọ́dọ̀ pe orúkọ yìí díẹ̀díẹ̀. Etí kò lè gbọ́ àmì tó so Coleridge mọ́ Taylor pọ̀, Taylor tó gbẹ̀yìn ni etí ń wá. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sí ojú pátákó, ẹ kọ àmì náà. Bí ẹgbẹ́ kan bá dáhùn pé "Coleridge" lásán, kò gba máàkì kankan nínú ìbéèrè méjèèjì.

Bọ́ọ̀lùLórí
Ti eré bọ́ọ̀lù kù. Samuel Eto'o kò lè má sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. "Ta ló gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dára jù lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin?" ní ìdáhùn méjì: Eto'o gbà á ní 2003, 2004, 2005 àti 2010, Yaya Touré náà sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀ léra, 2011 títí dé 2014. Ẹ fi àwọn ọdún náà sínú ìbéèrè, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èyí tó dára jù ni ti Champions League. Ó gbà á ní 2006 àti 2009 pẹ̀lú Barcelona, ó tún gbà á ní 2010 pẹ̀lú Inter. Ní 2009 àti 2010, ife mẹ́ta mẹ́ta ni kíláàbù méjèèjì kó lọ́dún kan náà, Eto'o sì wà nínú méjèèjì. Àwọn ará Èkó kò sì gbàgbé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní oṣù Kejì 2000. Òun ló kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa, a dá méjèèjì tí Kamẹrúùnù gbá wọlé padà, kí wọ́n tó fi pẹ́nárítì borí wa.

Samuel Okwaraji ni kí ẹ fi kádìí ìpele eré. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, pápá ìṣeré kan náà ní Sùúrùlérè, a ń bá Àǹgólà gbá ìdíje àtilọ sí ife àgbáyé, ó ṣubú kí eré tó parí, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Wọ́n sábà máa ń béèrè jẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà 6. Mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ béèrè, nítorí agbẹjọ́rò ni, àwọn ọ̀dọ́ kò sì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí olùbéèrè ka èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n má lu ìlù lé e.

ÀrẹmọÒgbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbàgbé S.L.A. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọjọ́ 6 oṣù Keje 1910, Ògbómọ̀ṣọ́. Agbẹjọ́rò, olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn láti oṣù Kejìlá 1959, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá. Wọ́n pa á ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966.

Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀: bí ẹ bá béèrè "Sámúẹ́lì wo ló jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò?" ó rọrùn jù. Bí ẹ bá béèrè "Ààrẹ kẹtàlá ni ta?" àwọn kan yóò pe Abíọ́lá, nítorí òun ni wọ́n gbọ́ sí létí. Abíọ́lá ni ìkẹrìnlá, 1988 ló jẹ ẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ìwé adájọ́ kó má baà ṣiyèméjì. Ẹ má sì mú ọ̀rọ̀ òṣèlú òun àti Awólọ́wọ̀ wọ inú kùíìsì. Ìdáhùn ibẹ̀ yàtọ̀ láti ilé dé ilé.

Sámúẹ́lì aládé méjì tún wà tí kò yẹ kó sọnù. Samuel Akínsànyà bá Ernest Ikoli du ipò ní 1941, ọ̀ràn náà sì fọ́ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement. Ọdún yẹn kan náà ló di Ọdẹ́mọ ti Ìsarà. Olúbàdàn Samuel Ọdúlànà, Ọdúgadé Kìn-ín-ní, jọba láti 2007 títí di oṣù Kìn-ín-ní 2016, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó wàjà.

ỌmọÀjàṣẹ́
Ẹ wo apá ọ̀dọ̀ wa ní Benin náà. Samuel Biléhou Oschoffa, tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sílẹ̀. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n bí i sí ní 1909, iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1947 ni ìjọ bẹ̀rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 1985, Ìmẹ̀kọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ni wọ́n sin ín sí. Ìlú mẹ́ta yìí ni wọ́n máa ń pa pọ̀: ìlú ìbí, ìlú ikú, ìlú ìsìnkú. Ìbéèrè kan fún ìlú kan, ẹ má da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ní kíkọ, Oschoffa àti Oshoffa, ẹ gba méjèèjì.

TanimọỌ̀n
Mo kó àwọn Sámúẹ́lì tó sá pamọ́ wá, ìpele yìí ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mark Twain: Samuel Langhorne Clemens ni orúkọ rẹ̀ gan-an. A bí i ní 1835 nígbà tí ìràwọ̀ onírù Halley yọ, ó kú ní 1910 nígbà tó tún yọ.

Herbert Macaulay: Samuel wà láàárín àwọn orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọmọ Crowther sì ni, Abigail ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ló bí i, ní 1864, ọdún tí bàbá àgbà jẹ bíṣọ́ọ̀bù gan-an.

Olú Falae, Sam Nujoma ààrẹ àkọ́kọ́ Nàmíbíà, Sam Walton tó dá Walmart sílẹ̀ ní 1962: Samuel ni gbogbo wọn. Sam Cooke olórin náà, Samuel Cook ni, òun fúnra rẹ̀ ló fi "e" kún ìparí.

Ẹlẹ́tàn: Sam Neill òṣèré. Kì í ṣe Samuel rárá, Nigel ni orúkọ ìbí rẹ̀. Ẹ lò ó nínú ìbéèrè "Èwo nínú àwọn mẹ́rin yìí ni kì í ṣe Sámúẹ́lì?"

Ẹ fi òye lo "Samuel Jackson" náà. Ti fíìmù ni Samuel L. Jackson, "L" yẹn sì dúró fún Leroy. Sam Snead tó ń gbá gọ́ọ̀fù, Samuel Jackson Snead ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

ÌyáẸgbẹ́
Bíbélì ńkọ́? Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ ni, wọn kò ní ṣàì béèrè bóyá wòlíì náà wà lára wọn. Bí ẹ bá gbà á, ìbéèrè kan péré ni kí ẹ lò: ní orí kélòó ni Sámúẹ́lì kú? Orí 25 ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní. Ìwé kejì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò bá a láyé. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi gan-an máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Samuel Morse náà bọ́ sí ìhà Bíbélì. Ọ̀rọ̀ tó fi wáyà ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1844 wá láti inú Númérì 23:23. Ẹ bi wọ́n ní ìwé Bíbélì, ẹ má bi wọ́n ní ẹsẹ.

ỌmọGbàgede
Ẹ ṣeun gan-an, orí mi wú. Mo ti pín in: ìpele mẹ́rin, ìbéèrè mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Adájọ́Àgbà
Kò lè lọ bẹ́ẹ̀, àbúrò. Ẹgbẹ́ mẹ́rin kò lè pín ìbéèrè mẹ́wàá dọ́gba, méjì yóò ṣẹ́ kù, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn àkọ́kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìpele márùn-ún ni kí o ṣe, ìbéèrè mẹ́jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba méjì nínú ìpele, ọ̀kan tó rọrùn, ọ̀kan tó le. Mẹ́rin tó rọrùn yẹn gbọ́dọ̀ rọrùn bákan náà. Kí o fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ìbéèrè irú kan, bí àpẹẹrẹ ìlú ìbí Sámúẹ́lì mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti òun ni wọ́n mú le. Inú àpòòwé ni kí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn mú un.

Àkókò: ìṣẹ́jú àáyá ogún fún kíkà, ọgbọ̀n fún ìdáhùn, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún adájọ́ àti akọ̀wé máàkì. Àpapọ̀ jẹ́ 75, ogójì ìbéèrè yóò gba ìṣẹ́jú 50. Fi ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta sí àárín ìpele, ó di 62. Bí o bá fẹ́ kí ìbéèrè tó bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan kọjá sí òmíràn, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni kí o fún un, máàkì kan péré, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá yí gbogbo ẹgbẹ́ ká, ilẹ̀ yóò ṣú.

Ìwé adájọ́ gbọ́dọ̀ ní ìlà mẹ́ta lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ohun tí a ó gbà, ohun tí a kò ní gbà, ibi méjì tí a ti rí ìdáhùn náà. Èyí tí o kò bá rí níbi méjì, yọ ọ́ kúrò. Fi ìbéèrè mẹ́fà pamọ́ fún àfirọ́pò, nítorí ẹnìkan nínú àwùjọ yóò pariwo ìdáhùn jáde dájúdájú.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá ta ọ̀mì, béèrè ohun tó jẹ́ nọ́ńbà, kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló borí. Ọdún àti oṣù mélòó ló wà láàárín ìrìbọmi Àjàyí Crowther àti ọjọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù? Ọdún 38, oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ 18.

ỌmọGbàgede
Mo ti tún un ṣe. Ẹ bá mi wo mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí:

1. Ta ló tún ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ kó jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀?
2. Ọdún wo ni Samuel Àjàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ọmọ Áfíríkà?
3. Ta ló gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dára jù ní 2003, 2004, 2005 àti 2010?
4. Iṣẹ́ wo ni Samuel Morse ń ṣe kó tó dojú kọ ọ̀rọ̀ wáyà?

Adájọ́Àgbà
Ìkejì: "bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà". Ìkínní: "Johnson" nìkan kì í ṣe ìdáhùn níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pe Obadiah, kọ ọ́ sí ìlà kejì.

OlùkọniOrin
Ìkẹrin dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Ayàwòrán ni Morse. Bí ẹnìkan bá gbọ́ "painter" tó wá dáhùn pé akunlé, kò gbà á.